Okùn Tí Mo Fi Wọn Bàbá Lateef

A kì í fi okùn wọn alààyè. Mo mọ̀. Ta ni wọ́n bí sí Ṣàgámù tí kò mọ̀? Òkú là ń na okùn lé lára, láti àtàrí dé gìgísẹ̀, kí àwọn tó ń gbẹ́ sàréè lè mọ bí wọ́n ṣe máa gbẹ́ ẹ gùn tó. Bí ọmọdé bá fi okùn wọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi eré, ìyá tó bá rí i á fọ́ ọ létí, á já okùn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ ọ́ síná. Wọ́n fọ́ èmi náà létí rí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá máa kọ́ mi ní èèwọ̀ ilé bàbá mi. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì wọn ọkọ mi.

Wúlẹ̀mọ̀tù lorúkọ mi, Ìyá Lateef. Obì ni mò ń tà. Obì ni ìyá mi tà kó tó kú, obì náà ni ọkọ mi, Àlàájì Fàsásì, ń tà. Ilé tí a ń kó obì sí wà lẹ́yìn ilé tí à ń gbé, ẹ̀yìn kùlé ni, kò sì sọ́jọ́ kan tí òórùn ewé àti obì tútù kì í bá wa jẹun. Ara mi tóbi. Mi ò fi pa mọ́, kò tiẹ̀ ṣeé fi pa mọ́. Bí mo bá ti wọ pálọ̀, ìdí mi ṣì ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni gbogbo èèyàn ń kìlọ̀ fún. "Ìyá Lateef, ẹ rọra jẹun o." "Ìyá Lateef, ẹ máa rìn o." Ìdíátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tí à ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́ torí àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé, sọ lójú mi pé ìjókòó àga àwọn ti fọ́ méjì lábẹ́ mi. Irọ́ ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni.

Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún Bàbá Lateef. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, apá rẹ̀ tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ kò ju ti ẹlòmíì lọ. Ikùn nìkan ló ní. Ikùn náà yọ síwájú, ó le, ó yí róbótó, ó sì ń dán. Àwọn Gàmbàrí tó ń wá ra obì lọ sí Kánò á fọwọ́ pa á bí ẹní ń kí ọmọ, wọ́n á ní Alhaji ti rí ṣe. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á gbá a pá, pá. Ikùn olówó ni wọ́n ń pè é. Èmi gan-an ń fi í yangàn. Obìnrin wo ni kò fẹ́ kí wọ́n rí oúnjẹ òun lára ọkọ òun?

Iṣẹ́ wa ní bí a ṣe ń ṣe é. Obì tí a bá ti bó, tí a fọ̀, tí a sì fi ewé dì sínú agbọ̀n, kì í dákẹ́ síbẹ̀. Ó máa ń mú ooru. Bí ooru náà bá pọ̀ jù tí ẹnikẹ́ni kò tú u, gbogbo agbọ̀n náà á bàjẹ́ láti inú, ewé òkè á sì máa tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bàbá Lateef kì í gba ewé òkè gbọ́. Á ti apá bọ inú agbọ̀n dé ìgúnpá, á dijú, á sọ fún ẹ bóyá obì náà máa dé Kánò tàbí kò ní dé. Lẹ́yìn náà á mú ẹyọ kan, á là á, á jẹ ẹ́. Kò sí agbọ̀n tó jáde nílé wa tí kò tọ́ wò.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, kò sẹ́ni tó kà á sí. Bó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, á dúró lójú ọ̀nà, á fọwọ́ sí àyà, á máa mí hẹlẹ. "Obì ni," á wí. "Tàárọ̀ yẹn le." Ó tọ̀nà létí. Gbogbo olóbì ló mọ̀ pé obì kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ó sì máa ń lé ọkàn sáré. Bí o bá bi olóbì mẹ́wàá ní Ṣàgámù pé kí ló ń mú àyà wọn já, obì ni gbogbo wọn máa wí.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì wá dé. Láti sààrì títí di ìṣínu, obì ò kan ètè Bàbá Lateef. Ẹlẹ́sìn ni, kì í ṣe ẹni tó ń jí obì jẹ. Mo ń ṣa ewé lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo gbójú sókè, mo rí i lórí àpò, ó fọwọ́ di àyà mú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ibòji ló wà.

"Àbí obì náà ni?" mo bi í.

Ó ní ebi ni.

"Ebi kẹ̀? Ebi wo ló ń mú àyà já báyìí?"

"Wúrà, má bá mi jà nínú ààwẹ̀." Wúrà ló máa ń pè mí.

N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí lọ́jọ́ náà, kò sì kúrò lára mi mọ́. Obì tí a ti ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ yìí, obì ò sí níbẹ̀, àyà sì ń já. Kí ló wá ń mú un já?

Ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni Modúpẹ́olúwa wá kí wa. Ọmọ Bàbá Akínṣọlá ni, àgbẹ̀ tí a ti ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Akaka láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ọmọ ìjọ Ádífẹ́ńtì ni wọ́n, a kì í lọ Akaka lọ́jọ́ Sátidé torí ọjọ́ ìsinmi wọn ni. Ojú mi ni ọmọ yìí ṣe dàgbà, tó máa ń bá wa di agbọ̀n mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ó ti wá di dókítà báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì ìjọ wọn, ìwádìí rẹ̀ sì dá lórí ọ̀rá ara èèyàn. Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe ń rán èèyàn sí ni? Ó bá wa jẹ sàárà ọdún, ó ń wo Bàbá Lateef láti ẹnu géètì tó ti ń bọ̀ títí tó fi jókòó. Nígbà tó yá, ó lọ sínú mọ́tò rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá.

Ó kọ́kọ́ wọn èmi. Àwọn ará ilé ti ń rẹ́rìn-ín kó tó ká nǹkan náà mọ́ mi lápá. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní kí ẹ̀rọ má lọ já o. Ẹ̀rọ ò já. Ó ga díẹ̀, Modúpẹ́ ní kí n máa bọ̀ wá rí òun. Ó wá wọn Bàbá Lateef. Ó tún un wọ̀n. Ó ní kí wọ́n sinmi ná, ó tún wọ̀n ọ́n ní apá kejì. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ru gan-an."

"Obì ni," ni Bàbá Lateef wí.

"Obì lè gbé e sókè díẹ̀, Bàbá. Obì ò lè gbé e dé ibi tí mo rí yìí."

Inú bí mi. Mo ní, "Èmi tí mo tóbi tó báyìí ńkọ́? Báwo ló ṣe máa jẹ́ òun tí kò sanra?"

Ọmọ náà wá tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń rọra sọ ọ́. Ó ní kì í ṣe kí inú mi máa dùn, torí ọ̀rọ̀ kan èmi náà, ṣùgbọ́n ìdí àti itan ni púpọ̀ ọ̀rá tèmi jókòó sí, ìyẹn kì í tètè dá wàhálà sílẹ̀. Ti Bàbá wà nínú lọ́hùn-ún, ó lọ́ mọ́ ẹ̀dọ̀, ó lọ́ mọ́ ìfun. "Ọ̀rá inú ikùn kì í ṣe ẹrù tí wọ́n kàn gbé síbẹ̀," ó ní. "Kì í sùn. Ó ń ṣe àwọn oje kan tó ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ́ònù là ń pè é. Oje yẹn ló ń gbé iṣẹ́ tí ọ̀rá bá rán kiri gbogbo ara."

"Iṣẹ́ wo?" Èmi ni mo bi í.

Ó ní ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní lẹ́pítìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ fún ọpọlọ pé, ó tó, má jẹun mọ́. Tí ọ̀rá bá ti pọ̀ jù, ariwo oje yìí á pọ̀ jù, ọpọlọ á di etí, kò ní gbọ́ ọ mọ́, èèyàn á sì máa jẹun lọ. Ṣùgbọ́n ibòmíì nínú ara ò di etí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gbọ́, wọ́n á máa fún pọ̀. Kíndìnrín ṣì ń gbọ́, á máa kó iyọ̀ pa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa ru. Ó ní òmíràn tún wà, orúkọ ìyẹn gùn bí ọ̀nà Kánò, òun ló ń tu iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú kó má bàa wú kó má bàa le. Ìyẹn, bí ikùn bá ṣe ń tóbi sí i ló ṣe ń gbẹ. Ẹni tó ń dáàbò bò wá ń lọ, ẹni tó ń dà wá láàmú ń pọ̀ sí i. Ọkàn á máa ti ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tó ti fún, á máa ti i, títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Bàbá Lateef rẹ́rìn-ín títí ikùn náà fi ń mì. "Ọ̀rá tó ń rán iṣẹ́! Ọmọ Akínṣọlá, ṣé ohun tí bàbá ẹ fi owó obì mi rán ẹ lọ kọ́ nìyí?"

"Bàbá," Modúpẹ́ ní, "ṣé ẹ máa ń gba ewé òkè gbọ́? Àbí ẹ máa ń ti apá bọ agbọ̀n?"

Ẹ̀rín yẹn dá. Mo rí i. Mo rí i pé ó wọlé sí i lára, mo ní Alihamudulilahi. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ yìí ti wá ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi mú okùn kan wá. A máa fi wọn Bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, a máa ká okùn náà sí méjì. Bí ìlàjì rẹ̀ ò bá lè yí ìbàdí wọn po, ẹ̀yin náà á fojú ara yín rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ obì."

Modúpẹ́ ò mọ èèwọ̀ wa. Kristẹni ni wọ́n, káfíńtà ló ń fi téèpù wọn òkú tiwọn fún pósí, ta ló máa sọ fún un? Ìyá Ẹ̀pẹ́ dìde dúró, gèlè rẹ̀ jábọ́. "Ẹ wọn ta ni? Wọn Fàsásì? Pẹ̀lú okùn? Lọ́jọ́ ọdún?" Bàbá Lateef ò pariwo. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, máa lọ sílé. Bá mi kí bàbá ẹ." Modúpẹ́ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Mo sìn ín dé géètì. Mo ṣàlàyé fún un, ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀. Tí ẹsẹ̀ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí wọn ò bá lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ẹ gbé wọn wá lójú ẹsẹ̀. Àìsàn ló ṣeé wò, Màmá."

Kí ni Bàbá Lateef ṣe? Ó fi obì sílẹ̀! Ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní láti òní lọ, Lateef ọmọ wa ni yóò máa tọ́ agbọ̀n wò, òun ti jáwọ́. Lateef yìí ni àkọ́bí wa, ó ti ní ìyàwó, bàbá rẹ̀ ló jọ látòkè délẹ̀, títí kan ikùn. Àyà Bàbá Lateef rọ̀ díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú. Háà, ẹ wá wo ìyangàn! "Ṣé ẹ rí i? Mo ní obì ni." Ó ń jẹ iyán lé iyán, ó ní ara òun ti yá. Lẹ́yìn náà ni bàtà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ibi tí mo tẹ̀ jin sínú, kò padà. Ìrọ̀rí kan di méjì, ó di pé ó ń jókòó sùn. Mo ní ká lọ rí dókítà, ó ní ara àgbà ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo sunkún. Ó ní kí n lọ gbé ti ara mi wò, èmi tí mo fọ́ àga.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Ohun tó máa gbà gbọ́ ni kí n fi hàn án, kì í ṣe ohun tí mo máa sọ. Ẹ̀rọ lè purọ́, dókítà ọmọdé lè purọ́, obì lè gba ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n obì ò lè mú kí okùn kúrú.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ti ìrun dé, ó lọ jókòó sùn sórí ẹní nínú ilé obì torí ibẹ̀ tutù, oorun sì gbé e yọ̀ wálẹ̀ títí ó fi nà sílẹ̀. Mo wọlé tọ̀ ọ́. Ó ń hanrun, ìhanrun náà á lọ sókè, á dá wáí, ohun gbogbo á dákẹ́, èmi náà á di èémí mú títí tó fi máa tún bẹ̀rẹ̀. Mo mú okùn tí a fi ń rán ẹnu agbọ̀n. Mo ní Bísímílà. Mo fi ìdí rẹ̀ sí àtàrí rẹ̀, mo rọra fà á kọjá ikùn yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fà á dé gìgísẹ̀ rẹ̀ tó wú. Bó ṣe nà gbọọrọ sórí ẹní yẹn, tó fi aṣọ funfun Jímọ̀ bora, mi ò fẹ́ sọ ohun tó jọ. Mo gé okùn náà, mo ká a sí méjì, mo ta kókó sí àárín rẹ̀. Mo wá ti ìlàjì rẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo fà á wá síwájú.

Kò pàdé. Ó ku odindi àtẹ́lẹwọ́ mi àti ìka.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti là. Ó ń wo okùn.

"Wúlẹ̀mọ̀tù." Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò pe orúkọ mi báyẹn rí. "O fẹ́ sin mí?"

"N kò fẹ́ sin yín," mo ní. "Ìdí tí mo fi ń wọ̀n yín nìyẹn."

Ilé gbóná. Ìyá Ẹ̀pẹ́ dé, ó ń pariwo láti títì, ó ní ìyàwó ti wọn àbúrò òun fún sàréè, kí n mú okùn náà wá kí òun sun ún kí oòrùn tó wọ̀. Mo mú okùn wá. Kí ló pọ̀ nílé olóbì bí okùn? Ó sun ún láàárín àgbàlá, ó fẹ́ eérú rẹ̀ nù, ó sì ní kí wọ́n fi mósà ṣe sàárà. Okùn tí mo fi wọn ọkọ mi gan-an wà ní ìbàdí mi, mo ti ró aṣọ lé e lórí. Èmi náà ò mọ ìdí tí n kò fi gbé e kalẹ̀. Ó kàn ń ṣe mí pé bí mo bá sun ún, kò ní sí ẹ̀rí mọ́.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá. Lẹ́yìn náà, níbi tí mo ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún Bàbá Lateef, ó ṣàdéédé ní, "Ó kù tó kí ni?"

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi ìka lé e. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ikùn rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n síbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti àwo iyán sẹ́yìn. "Bí ọkọ̀ Kánò bá ti lọ," ó ní, "màá tẹ̀ lé ẹ lọ rí ọmọ Akínṣọlá."

Inú mi dùn, ẹ̀rù tún bà mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la. Kí ọkọ̀ dúró."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́. "Obì kì í dúró, Wúrà."

Òótọ́ ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé obì ń dúró?

Ọkọ̀ náà ò tètè lọ. Táyà rẹ̀ bẹ́ ní Ṣàgámù Interchange, ó jókòó sínú oòrùn láàárín àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti ẹran ìgbẹ́. Àwọn agbọ̀n ti ń gbóná nínú rẹ̀. Wọ́n pe Bàbá Lateef lórí fóònù pé kó wá. Mo ní kó jẹ́ kí Lateef nìkan lọ. Ó ní Lateef ò tíì mọ ooru. Ó wọ bàtà sílípáàsì torí kò sí bàtà tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì gun mọ́tò ọmọ rẹ̀.

Lateef ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní bàbá òun gun ẹ̀yìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó ń tú ẹnu agbọ̀n, ó ń sọ pé èyí dára, ẹ pààrọ̀ ewé èyí. Ó dé orí ọ̀kan, ó ti apá bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó dijú bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ń retí kó sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbórí lé ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n náà, wọ́n rò pé ó ń gbóòórùn. Nígbà tí wọ́n máa fi fà á sókè, apá rẹ̀ ṣì wà nínú obì. Kò dé ọsibítù kankan.

Ọjọ́ náà la sin ín, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, ilé kún, n kò mọ ẹni tó ń di mí mú. Àwọn tó ń gbẹ́ sàréè rán èèyàn wá pé kí wọ́n fún àwọn ní òdiwọ̀n. Àwọn ọkùnrin ń wá okùn kiri. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń sunkún, ó ń wò mí, ó ń sọ pé kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà, pé inú ilé Fàsásì ni ikú ti wá. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo tú aṣọ mi, mo yọ okùn náà ní ìbàdí, mo nà án síta.

"Òun rè é. Ó ti wà ní wíwọ̀n."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ké. "Mo sun ún! Mo fọwọ́ ara mi sun ún! Ẹ ti gbọ́, ẹ ti rí i, òun ló pa á!" Wọ́n dì í mú kó má bàa bù mí jẹ. Ọkùnrin tó wá gba òdiwọ̀n wo okùn náà, ó fọwọ́ kan kókó tó wà láàárín. "Màmá, kí ni kókó yìí wà fún?"

"Ibẹ̀ ló yẹ kí ikùn rẹ̀ mọ," mo ní.

Wọ́n lọ wọ́n gbẹ́ ẹ. Kò gùn jù, kò kúrú.

Láti ìgbà náà ni gbogbo Ṣàgámù ti ń sọ ọ́ pé okùn Wúlẹ̀mọ̀tù ló pa Àlàájì Fàsásì. Ìyàwó ilé wo ló tún máa wọn ọkọ rẹ̀ báyìí? Àwọn tí mo bá pàdé á fi ọwọ́ bo ikùn wọn bí mo bá ń kọjá. Ó ń dùn mí. Kì í ṣe torí orúkọ mi. Ikùn wọ̀nyẹn ló ń dùn mí, gbogbo wọn ló ń rìn lọ ní títì níwájú mi, wọ́n ń dán.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n gbé agbádá bàbá rẹ̀ wọ Lateef. Ó bá a mu wẹ́kú. Àwọn Gàmbàrí tó wá kí wa fọwọ́ pa á nínú, wọ́n ní Alhaji ò kú, Alhaji rè é. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì ń dán bí tèmi ṣe máa ń dán nígbà kan. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ òní ló wọlé bá mi nínú ilé obì. Ọkọ̀ mìíràn ń lọ sí Kánò, òun ló ti ń tọ́ agbọ̀n wò láti ìdájí. Ó jókòó sórí àpò bàbá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ń mí hẹlẹ.

"Màámi," ó ní, "obì yìí le o."

Mo nawọ́ mú okùn lórí ìṣó. Ó fò dìde kúrò lórí àpò, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọmọ tí mo fọyàn bọ́.

"Màámi, ẹ gbé e jìnnà sí mi! Ṣé ẹ fẹ́ pa èmi náà ni?"

Áà! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju igbe Ìyá Ẹ̀pẹ́ lọ. Mo fẹ́ fọ́ ọ létí bí wọ́n ṣe fọ́ mi létí. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ ìdí okùn náà mọ́lẹ̀, mo fa ìyókù rẹ̀ sókè, mo fà á kọjá orúnkún, mo fà á kọjá àyà, mo gbé e dé àtàrí ara mi, lójú rẹ̀.

"Bí okùn bá ń pa èèyàn, kó pa mí kí o rí i."

Ó ń sọ pé Màámi ẹ yéé, Màámi ẹ jọ̀ọ́. Mo ká a sí méjì, mo ta kókó sí i, mo fi ìlàjì rẹ̀ yí ìbàdí mi po. Kò pàdé. Ojú tì mí níwájú ọmọ mi, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó rí i, mo fi ọwọ́ di ibi tó kù sí. "Kò ká èmi náà," mo ní. "Modúpẹ́ ti ń retí mi láti ọjọ́ ọdún. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Lónìí."

Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè lẹ́yìn ògiri. Lateef wo ẹnu ọ̀nà.

"Ọkọ̀ ti fẹ́ lọ, Màámi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Obì kì í dúró."

"Jẹ́ kó bàjẹ́," mo ní. "Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹrà síbẹ̀."

Kò sí olóbì tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nílé yìí. Ó tún yíjú wò mí. Fèrè tún dún. Mo tú okùn náà ní ìbàdí mi, mo nà án sí i, apá mi ti ń ro mí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyà. Kò tíì gbà á.